Ṣáàfù Tí Mo Sọ Pé Ó Bàjẹ́

Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. N kì í ṣe dókítà. Èmi ni mò ń ṣe góòlù tí àwọn Alhájà fi ń bo eyín iwájú, èmi náà ni mo sì ń fá a kí ó lè jókòó dáadáa. Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá ti Mẹ́kà dé tí kò sí góòlù nínú ẹ̀rín rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á máa bi í bóyá Kánò ni ọkọ̀ òfuurufú já a sílẹ̀ sí.

Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, àmọ́ bí n kò bá ṣàlàyé rẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ mi kò ní yé ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan kọ́ ìṣó lókè orí mi. Okùn rọ́bà dúdú kan ni ó so ó mọ́ irin tí mo fi ń fá eyín, tí mo sì fi ń gé góòlù kúrò lára rẹ̀. Okùn yẹn là ń pè ní ṣáàfù. Wáyà ló wà nínú rọ́bà náà, tí wọ́n wé lé ara wọn ní ìpele-ìpele, tí ń yí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí. Ó ń tẹ̀, ó sì ń yí, gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó máa ń yí sí. Bí o bá yí i sí òdìkejì, wáyà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí o bá sì fún un láyè kí ó rọra tẹ̀, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ bí o bá ká a kúrúkúrú, wáyà á máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, rọ́bà ìta á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Yàrá kan nínú agbo ilé wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí àyè níbẹ̀ fún ohunkóhun láti na ẹsẹ̀. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń ká ṣáàfù mi mọ́ ìṣó. Oṣù díẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí mo ní lò. Ọkùnrin tí ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Apọ́ngbọ̀n wo èyí tó bàjẹ́ náà títí, ó wá bi mí ta ló kọ́ mi láti máa ká ṣáàfù bí okùn kànga. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí ó fà gbọọrọ sílẹ̀ lára ògiri, bó tilẹ̀ máa ń gbá mi lórí.

Oníbàárà mi kan, tí ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Marina, fẹ́ràn gọ́ọ̀fù. Ó rí bí mo ṣe ń tọ́jú ṣáàfù, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá gọ́ọ̀fù ṣe rí. Ẹni tí apá rẹ̀ yá ni ọ̀pá líle wà fún. Ẹni tí apá rẹ̀ ti ń falẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ ni kó mú, kí ọ̀pá lè bá a ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó ní ọdún yẹn ni òun gbé ìtìjú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òun lọ pààrọ̀ tòun sí èyí tó rọ̀. Ó ní apá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún èèyàn, èèyàn ló máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Inú ló ń ṣe wọ́n, nígbà tó sì yá, ilé ìwòsàn ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, wọ́n pè mí, wọ́n fi ìka kan góòlù eyín iwájú wọn, èyí tí wọ́n fi sẹ́nu bọ̀ láti Mẹ́kà.

“Yọ èyí fún mi. N kò fẹ́ gbé góòlù wọ sàréè. Ìwọ ni kí o yọ ọ́, kí àjèjì má fọwọ́ bọ̀ mí lẹ́nu.”

Mo ní kí ara wọn kọ́kọ́ yá ná. Wọ́n ní kí n lọ gbé ẹ̀rọ mi wá. Mo wá sọ pé ṣáàfù mi ti bàjẹ́, pé wáyà inú rẹ̀ ti ṣẹ́, mo sì ń wá òmíràn.

Irọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ṣáàfù náà ṣiṣẹ́ fún èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ góòlù yẹn, á dà bí ẹni pé èmi ọmọ wọn ni mo sọ fún wọn pé wọn kò ní dìde mọ́. Ẹ̀rù bà mí, ó sì ti rẹ̀ mí. Nígbà tí wọ́n tún bi mí, mo ní ọkùnrin Apọ́ngbọ̀n rìnrìn àjò. Nígbà kẹta, mo ní èyí tó kó dé kò bá ẹ́ńjìnnì mi mu. Lẹ́yìn ìyẹn wọn kò bi mí mọ́, inú mi sì dùn pé wọ́n ti gbàgbé.

Láti ìgbà náà, tí mo bá jókòó tì wọ́n, wọ́n máa ń fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé ikọ́ ni. Èmi tí mo ń wo ẹnu gbogbo ìlú, n kò wo tiwọn.

Wọ́n kú lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Bí àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n ṣe ń múra, àáfà bi mí bóyá ohunkóhun wà lára màmá mi tó yẹ ká yọ. Mo ní ó wà, mo lọ gbé ẹ̀rọ mi. Ibi tí mo ti ń gbé e bọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò sí góòlù kankan lẹ́nu wọn.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń tọ́jú wọn, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó fi góòlù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní ó ti tó oṣù kan. Ọkùnrin kan ní òpópónà kejì ló wá yọ ọ́, kò sì ní ẹ̀rọ. Puláyà ló fi fà á.

Mo bi í kí ló dé tí kò sọ fún mi.

“Bọ̀dá, wọ́n ní ṣáàfù yín ti bàjẹ́, ká má dà yín láàmú.”

Mo bi í bóyá ó dùn wọ́n. Ó kọjú sí ògiri.

“Wọ́n ní bí ẹ bá bi mí, kí n sọ pé kò dùn wọ́n.”