Eegun Ọ̀fun Moriji

Kò sẹ́ni tẹ́nu ẹ̀ burú tó ti Tatsue ní èbúté Ushizaki, èmi tí mo ń bá a la ẹja lórí tábìlì kan náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, "Chikushō." Bí ẹja bá já bọ́, "Chikushō." Ẹranko ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, irú ẹranko tí ẹni tó ṣebi láyé yìí yóò padà wá dà. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́? Nǹkan bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, o sọ ọ́, o ń báṣẹ́ lọ. Níwájú òkú nìkan ni a kì í ti í sọ ọ́, torí èpè ló máa dà lé olóògbé lórí.

Moriji ọkọ ẹ̀ a máa fi ẹnu ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Eisaku, ẹ̀gbọ́n Moriji, kì í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Tatsue ti wọlé wọn ló ti ń pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó ń rùn fún ẹja. Ẹ má retí kí n bọ̀wọ̀ fún un nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí Moriji kú, Tatsue ní nǹkan kan ṣoṣo lòun ń fẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá sun òkú tán, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí èyí tí a fi ń jẹun ni àwọn ẹbí fi ń ṣa eegun sínú ìkòkò, láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Eegun ọ̀fun, tó rí bí ẹni tó jókòó tó ń gbàdúrà, ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù ló ń gbé e, ohun tí Tatsue sì ń fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó kan eegun ọ̀fun, Eisaku dí Tatsue lọ́nà níwájú gbogbo ẹbí àti èmi tí Tatsue mú dání.

"Ìyàwó, sún sẹ́yìn. Ẹnu tó ń pe ayé ní ẹranko látàárọ̀ dalẹ́, ṣé òun ló máa dúró ti àbúrò mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ni."

"Ọkọ ẹ? Ṣebí ó ti ń yún ẹ lẹ́nu. Sọ ọ́ ká gbọ́."

Ó ń tọ́ ọ níjà ni, olórí burúkú. Bí Tatsue bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn á lé e jáde. Inú bí mi débi pé ó ku díẹ̀ kí n bá a sọ ọ́. Tatsue gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sún sẹ́yìn.

Igi náà, ọ̀kan jẹ́ ọparun, ìkejì jẹ́ igi lásán. A kì í jẹ́ kí wọ́n bára mu nídìí òkú, wọn kì í sì í di nǹkan mú dáadáa. Eisaku fi gbé eegun náà, ó wá yíjú wo Tatsue kó lè fi í ṣẹ̀sín. Eegun yọ̀, ó bọ́ sínú eérú.

"Chikushō," ni Eisaku wí.

Ìyá òun àti Moriji fọwọ́ bojú. Ọkùnrin tó ń bójú tó ilé ìsunkú náà gba igi lọ́wọ́ Eisaku, ó kó o fún Tatsue. Tatsue gbé eegun ọkọ ẹ̀, ó rọra gbé e lé orí àwọn yòókù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wí. Ọkọ mi ò gbọ́ dáadáa."



Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹja kan yọ̀ mọ́ Tatsue lọ́wọ́, ó já bọ́. Gbogbo wa ń retí kó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

"Eisaku," ló wí, ó sì ń báṣẹ́ lọ.

Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ ní èbúté títí dòní nìyẹn.