Ọjọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Sáré Ọkọ̀ Lẹ́yìn Ìgàndó

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti lọ sáré ọkọ̀ lórí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, kó lọ jàre. Kó sì mú ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dání.

Ọkọ mi ló mú mi lọ, kì í sì í ṣe tìfẹ́tìfẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ gba ọkọ̀ tí mo fi owó àjọ mi rà, èyí tí mo fi ń lọ kọ́ni n'Ídìmù, kí àbúrò rẹ̀ lè máa fi kó èrò. Ó ní mo ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kọ́ àwọn tí kò sáré ọkọ̀ rí, lójú títì ẹ̀sítéètì kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn Ìgàndó, inú rẹ̀ dùn.

"Tó o bá yí títì náà ká láì kọlu nǹkan kan, ọkọ̀ di tìẹ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi máa gbà á."

Ìyá rẹ̀ bá wa lọ. Kí n tó wọlé sọ́kọ̀, wọ́n fi òróró àdúrà pa ilẹ̀kùn, wọ́n pa ìjókòó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi pa ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lára bíréèkì. "Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ lónìí, ìṣẹ́gun ni o."

"Àmín, Màmá."

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò lórí bíréèkì. Eré mi ò pọ̀, orí koríko ni mo dúró sí. Ẹ̀rín ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Inú bí mi. Mo bọ́ bàtà, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi di bíréèkì náà mú, mo tún ṣíná. Kò sí kòtò, kò sí ọlọ́kadà tó máa já lù mí. Mo tẹná sí i títí ara mi fi yá, mo yí títì náà ká, n ò kọlu nǹkan kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ṣé eré nìyẹn? Sọ̀ kalẹ̀, kó o wo bí ọkùnrin ṣe ń wakọ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán. Mo wo bàtà náà, mo rántí òróró.

"Dádì, ẹ rọra o." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Ó sáré dé kọ́nà, ọkọ̀ ò dúró. Ó wọ inú òkìtì táyà tí wọ́n tò síbẹ̀, bọ́ńpà já bọ́. Nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ wọ́n ní láti gbé e jáde ni, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti tutù. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí i. Ó dùn mọ́ mi.

"Ọpẹ́ o! Òróró yẹn ló yọ ọmọ mi!" ni ìyá rẹ̀ ń pariwo.

"Òun ni, Màmá."

Mo na ọwọ́ sí ọkọ mi, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ní báyìí èmi ni mò ń wakọ̀ gbé gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tá a bá ti ń súnmọ́ kọ́nà, ọkọ mi á di ilẹ̀kùn mú, á dijú. Ìgbà yẹn ni mo máa ń tẹná.