Orúkọ Tí Mo Kà Ní Ọjọ́ Ajé

Èmi ni mo máa ń ka ìròyìn ní ilé ìwé wa ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó dìbò yàn mí. Ohùn mi ló ròkè ju ti gbogbo olùkọ́ yòókù lọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa sì ti ń ṣòjòjò láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, ni Sístà tó jẹ́ ọ̀gá wa bá ní kí n máa ṣe é. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti àwọn Àgùdà ni, ní apá ibi tí Ìsọlọ̀ ti kọjú sí Òṣòdì, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wa. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lọ balẹ̀, màá dákẹ́, àwọn ọmọ náà á dúró, tó bá lọ tán màá máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ láti ibi tí mo dé. Àlejò nìkan ló máa ń yà lẹ́nu.

Ìròyìn wa kì í ṣe irú ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ta ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kíláàsì wo ló mọ́ jù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ni eyín iwájú rẹ̀ yọ, ta ló sọ bàtà ẹsẹ̀ kan nù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá dárúkọ ọmọ kan, tí ọmọ náà na ọrùn tí ó ń wò yíká bóyá gbogbo ayé gbọ́, inú mi a máa dùn títí di ọjọ́ kejì. Mo tiẹ̀ máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè dùn sí i. Ọkọ mi ní tí n kò bá ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ọjà ni ǹ bá máa polówó ní Apakun. N kò bá a jiyàn.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin, èyí tí mò ń kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, obìnrin, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi ahọ́n ti eyín bó bá ń ronú. Láti jẹ́léósinmi ló ti wà lọ́dọ̀ wa. Ní ilé ìwé wa, gbogbo ọmọ ló ń kọ́ àdúrà, gbogbo ọmọ ló ń kọ́ katikísímù. A kì í bi ọmọ léèrè bóyá mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ nílé rẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ọmọ yìí. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè kí n tó sọ ọ́ tán, mo ní láti máa fi ojú wá ẹlòmíràn. Kì í ṣe àkọ́sórí lásán náà ni. Ó máa ń rò ó, ó sì máa ń bi mí ní ohun tí mo ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ Fádà. Ọkàn mi fà mọ́ ọn. Olùkọ́ tó bá ní òun kò ní ààyò nínú àwọn ọmọ, irọ́ ló ń pa.

Ní sáà kẹta, Sístà ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi tí yóò gba Kòmúníọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní kí n wo ìwé ìrìbọmi ẹnì kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì, Sístà." Ọjọ́ Ẹtì ni, ó ti rẹ̀ mí. Mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ láti inú orí mi. Ta ni mo tún fẹ́ lọ wò nínú ìwé? Ṣé èmi tí mò ń kọ́ wọn ni n kò mọ̀ wọ́n? Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ bírò mi ni ti ọmọ yẹn. Orúkọ Yorùbá ni, ti bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ irú èyí tí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jọ ń jẹ́ ní Ìsọlọ̀, nítorí ilé kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ Sístà, kò jìnnà sí mi. Ìdí mi ló wúwo.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ka àwọn orúkọ náà fún gbogbo ilé ìwé. Nígbà tí mo dé orí tirẹ̀, mo tún bu iyọ̀ sí i. Mo ní, "Ọ̀gá katikísímù fúnra rẹ̀!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lókè ọwọ́ náà. Nígbà tí a ṣíwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì pé, "Èmi náà wà níbẹ̀ o, sà!" Kò tó mi bẹ́ẹ̀. Mo ya àwòrán ìwé orúkọ náà, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wasáàpù àwọn òbí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn kú oríire kí n tó dé ilé ní Àgọ́ Palace.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ọmọ náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe, ó sì ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí."

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ẹ kú oríire!"

Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Mo rí orúkọ ọmọ mi níbí. Ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀?"

"Àṣìṣe kẹ̀? Òun gan-an ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn."

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ ló ń kà á fún wa nílé. Àmọ́ Àǹtí, Mùsùlùmí ni wá."

Ara mi tutù. Ó rí i lójú mi, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí nínú, èmi tí mo dá wàhálà náà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Èmi náà, sùkúù Àgùdà ni mo lọ. Mo ṣì mọ àdúrà Màríà yẹn títí dòní." Ó sì kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ọwọ́ tí gíríìsì ti sọ di dúdú. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. "Kò yọ nǹkan kan lára mi. Mo ṣì ń kírun mi. Àmọ́ kí wọ́n wá ṣe ìrìbọmi fún un, ìyẹn ò ṣe é ṣe, Àǹtí. Ilé ìyá mi là ń gbé. Alhaja ti dàgbà. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ó lè di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un."

Ká ní ó pariwo lé mi lórí ni, ǹ bá rí èsì fọ̀, nítorí ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń bẹ̀ mí ni.

Mo gba ọ́fíìsì Sístà lọ. Ọkàn mi ń sọ pé ó ní láti ní ọ̀nà kan tí àwọn ẹlẹ́sìn mọ̀ tí èmi kò mọ̀. Ó ṣí ìwé ìrìbọmi, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó pa á dé. "Mo ní kí ẹ wò ó," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ Fádà. Fádà ní ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi kò lè gba Kòmúníọ̀n, a kò sì lè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ kékeré tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ó ní tó bá dàgbà, á lè yan èyí tó bá fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ ohun tó ń jẹ́ "tó bá dàgbà". Ọjọ́ Àìkú tí a ti dá fún Kòmúníọ̀n náà ló mọ̀.

Mo rò ó títí. Bàbá jàre, Fádà jàre, Sístà náà jàre. Èmi nìkan ni mo jẹ̀bi, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló fi ń lọlẹ̀ lọ bá a. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, mo sì sọ fún un.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ṣé ó ku nǹkan tí mi ò tíì mọ̀ ni, mà? Mo lè kọ́ ọ."

"Rárá. O mọ gbogbo ẹ̀."

"Kí ló wá dé, mà?"

Mo sọ ti ìrìbọmi fún un, mo sọ ti bàbá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀. Mo tún sọ ti "tó bá dàgbà" yẹn, ó sì le lẹ́nu mi bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ èso tí kò pọ́n. Ó ń fi ahọ́n ti eyín. Ó wá ní, "Ṣé ẹ máa kà á ní Monday pé wọ́n ti yọ mí?"

Mo ní n kò ní kà á.

"Ẹ ṣé, mà."

Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju kó bú sẹ́kún lọ.

N kò sì kà á lóòótọ́. Nítorí èyí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n ń bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ funfun tirẹ̀, mo ń gbọ́, ó ń dá wọn lóhùn pé kò tíì rán an. Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé ìwé láti fi bí wọn yóò ṣe tò hàn wọ́n. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun kò jẹ́ kí òun wá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú àwọn tó fẹ́ gba Kòmúníọ̀n tí orí rẹ̀ le bí àpáta, Fádà sì ti ní tí kò bá mọ ìdáhùn, òun á dá a dúró. Òun ni ọmọ mi yìí mú lọ sábẹ́ igi lákòókò ìsinmi, ó ń kọ́ ọ, ojoojúmọ́. Mo fẹ́ ní kó fi í sílẹ̀, n kò rí ìdí tí mo lè sọ. Nígbà tí ọmọ olórí líle yẹn yege, ọmọ mi yìí ló fò sókè. Èmi sá wọ inú kíláàsì lọ, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀kì.

Òjò rọ̀ kí ọjọ́ Àìkú náà tó mọ́, ọgbà wa sì di ẹrẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń to àwọn ọmọ ní méjì méjì, nígbà tí mo rí bàbá náà tó ń ti ẹnu géètì bọ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ gbọọrọ ń fì dirodiro, ó ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn kí omi má bàa ta sí i lára. Aṣọ funfun ni ọmọ náà wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun àti ríbọ́nù. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn bí ẹni ń sọ ẹyin kalẹ̀.

"Ìyá ẹ̀ ló rán an," ni ó wí. Mo mọ̀ pé aránṣọ ni ìyá náà, ní Àjàó Estate. "Ọmọ yìí ti ń sunkún láti Thursday. Alhaja gan-an ló ní kó wọ̀ ọ́, pé kò sí nǹkan tó burú nínú aṣọ funfun." Ó wá fa ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ìrìbọmi yẹn ni mo ní mi ò fẹ́. Àmọ́ nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fún wọn jẹ yẹn, ẹ bá mi sọ fún Fádà kó fún òun náà. Kó ṣáà jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Mi ò ní bínú rárá."

Ó ti tẹ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó wù mí kí n fa ọmọ náà wọ àárín àwọn yòókù, kí n sì gbé ojú kúrò. Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀.

"Dádì, kò ṣe é ṣe. Ara Jésù ni. Ẹni tó bá ti ṣe ìrìbọmi nìkan ló lè jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá fún mi, Àǹtí ló máa jẹ̀bi."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń dáhùn ní kíláàsì. Láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́, n kò tíì fẹ́ kí ọmọ kan kùnà ìbéèrè rí bíi ti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Kò burú. Ẹ ṣé."

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Mo ní kí wọ́n wọlé wá jókòó lẹ́yìn, ọmọ náà mi orí pé rárá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó yíjú padà sí mi. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ láti dì í mú, èmi náà ti ń sọ pé kó má ṣèyọnu, ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó ti kúnlẹ̀.

"Ó dàbọ̀, mà."

Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ ti bo iwájú aṣọ náà níbi orúnkún méjèèjì. Bàbá rẹ̀ kò sì tún gbé e mọ́. Wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ rin inú omi náà lọ sí ẹnu géètì.