Gbèsè Bàtà Funfun

Ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta náírà ni Sísítà jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́jọ́ tó kú, owó bàtà títúnṣe sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lóṣù, fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ẹ̀gbọ́n kò kọ ọ́ sí ibì kankan. Ṣọ́ọ̀mékà ni, orí ló fi ń ṣírò gọ́ọ̀mù, òwú, ìṣó àti iṣẹ́ ọwọ́. Oníbàárà mìíràn tó bá jẹ ẹ́ ní ìdámẹ́wàá iye yẹn, òun ì bá ti ta bàtà onítọ̀hún tipẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo nìyí, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá.

Nọ́ọ̀sì ni Sísítà, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Láti kékeré lẹnu rẹ̀ ti dùn. Bí wọ́n bá rán an níyọ̀, iyọ̀ á dé, ẹni tó ta iyọ̀ náà á sì tẹ̀lé e wálé wá kí ìyá wọn. Bó bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, láti ìkóríta lèèyàn á ti mọ̀, torí ẹ̀rín àwọn tó kí lọ́nà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé: oníbúrẹ́dì, fọkanáísà, ìyá arúgbó tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta níwájú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á wúwo bí òòlù. Ṣùgbọ́n bó bá ku òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan, tí Sísítà jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó na ẹsẹ̀ lásán sórí páálí, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Kò sí oníbàárà tí kò lè sín jẹ, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè yí sí àpárá. Sísítà á rẹ́rìn-ín títí yóò fi di ìhà mú. Nígbà yẹn, ọ̀fẹ́ ló ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Òun náà ló san ìdajì owó ilé ìwé nọ́ọ̀sì fún un, láti inú bàtà ẹlẹ́bàtà. Owó yẹn kò dùn ún rí. Ohun tó dùn ún, ọsibítù ló ti bá a.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un, wọ́ọ̀dù àbúrò rẹ̀ sì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Lọ́jọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ń bá nọ́ọ̀sì ja ìjà abẹ́rẹ́ lódìkejì. Ó wá gbọ́ ohùn Sísítà.

"Bàbá, ẹ sinmi. Abẹ́rẹ́ yìí ò lè gún yín tó bí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ṣe ń gún yín, ẹ sì ń sanra lórí ìyẹn."

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn náà ń rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ sì ti wọlé, ó ti jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe tìtorí ojú ọgbẹ́. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Sátidé méjì ṣáájú, abẹ́rẹ́ ìránbàtà gún un níka, àbúrò rẹ̀ kí i pẹ̀lẹ́, ó sì fèsì pé ọ̀rọ̀ ìyàwó òun ti gún òun ju báyìí lọ, òun sì ń sanra sí i ni.

Ọjọ́ márùn-ún tó lò níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń yin Sísítà, wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n, wọ́n ń dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo ló ti gbọ́ ọ. Owú jẹ ọkùnrin náà bí ikán ṣe ń jẹgi, láti inú.

Kò sọ fún un. Àgbà kì í bá ọmọdé du àpárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sísítà tún yọjú sí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo, tó ti ń fa bẹ́ńṣì, ẹ̀gbọ́n fún un lófin tuntun: ẹni tí kò bá gbé iṣẹ́ wá kò gbọdọ̀ jókòó mọ́, iṣẹ́ tó bá sì gbé wá, yóò sanwó rẹ̀.

Sísítà ti bẹ́ńṣì padà. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Láti oṣù yẹn ni bàtà funfun tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti ń là. Oṣooṣù ni, ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí ojú ìrán rẹ̀ á ti gbó, tí á ti ya. Ẹ̀gbọ́n á béèrè bóyá orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọsibítù wọn sí. Sísítà á ní kó ṣáà rán an, kó gbé owó rẹ̀ sí òun lọ́rùn. Á jókòó. Ẹ̀gbọ́n á pinnu pé òun ò ní sọ nǹkan kan lónìí. Kí ó tó gún abẹ́rẹ́ kẹta, ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó gbé bàtà wá kẹ́yìn, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọ̀rá bàtà náà kọ́ sórí ìkọ́, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun tọ́jú àpárá ọjọ́ náà pamọ́, òun á padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé e wọ wọ́ọ̀dù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì jáde láàyè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù pe ìpàdé ìrántí sí gbọ̀ngàn wọn. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ti pinnu ohun tó máa sọ. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń wọ aṣọ: lónìí, gbogbo wọn á mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ má lọ bá òkú du ọ̀rọ̀."

"Ó ń jí ọ̀rọ̀ mi ká nígbà tó wà láàyè."

"Ẹ̀yin lẹ ń já a fún un."

Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Ọkọ Sísítà sọ̀rọ̀, ó sunkún, ó jókòó. Àwọn aláìsàn àtijọ́ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti ìyàwó ló gba òun là. Òmíràn, bàbá arúgbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní òun ti ń múra ikú nígbà tí Sísítà jókòó ti òun, tó ní, "Bàbá, bàtà tí wọ́n bá ṣì ń tún ṣe, ẹni tó ni ín ò tíì sọ ọ́ nù." Gbogbo èèyàn mi orí. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀rọ̀ bàtà. Ṣé kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó lè béèrè pé kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa bàtà títúnṣe?

Wọ́n pè é. Ó dìde, ó rí ojú èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo bó ṣe máa ń wúwo. Ẹ̀sùn tó dì wá láti ilé kò jáde. Ohun kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Sátidé tí Sísítà kò rí gbọ́. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ lásán lórí páálí, ó sì sọ ọ́.

"Ọkùnrin kan gbé bàtà wá fún mi. Ó ní ó ń dún jù, bí òun bá pẹ́ lóde, ìyàwó òun á ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo bá a pa ohùn bàtà náà. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀ gbé bàtà kan náà wá, ó ní kí n dá ohùn ẹ̀ padà, kí n gba iye tí mo gbà lọ́wọ́ ọkọ òun. Mo ní rárá o, màmá. Owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọkọ yín san. Ariwo wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Àwọn tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ń sunkún. Inú ẹ̀gbọ́n fẹ́ẹ́ dùn. Ìgbà náà ni bàbá arúgbó yẹn nu ojú, tó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Sísítà gan-an nìyẹn. Ó mà ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi jàre irú ẹjọ́ yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mètírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá Sísítà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Sísítà máa ń fi gbèsè bàtà náà ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀, àwọn sì ti dáwó jọ láti san án, kó má bàa wà lọ́rùn òkú. Ó béèrè iye tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n kì í gba owó láìṣírò délẹ̀. Ó ní ó ku bàtà kan tí òun ò tíì tú wò. Ó sọ̀ ọ̀rá náà kalẹ̀ láti orí ìkọ́, ó gbé bàtà funfun náà sójú ìmọ́lẹ̀.

Ojú ìrán rẹ̀ kò gbó. Òwú gé ṣánṣán, bí ìgbà tí wọ́n gé e lánàá. Ẹni tó gé e kò tíì fi bàtà náà rìn débi tí á fi ya.

"Mètírọ́ọ̀nù," ló wí, "kí lẹ fi ń gé òwú ojú ọgbẹ́ tó bá ti jiná?"

"Àlùmọ́gàjí kékeré ni." Obìnrin náà rí bàtà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Oṣooṣù ló máa ń yá tèmi fi gé e, á wá fi rìn yíká wọ́ọ̀dù títí á fi ya. Ó ní ẹ kì í jẹ́ kí ẹni tí ò gbé iṣẹ́ wá jókòó ti yín."

Ẹ̀gbọ́n yí bàtà náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, yàtọ̀ sí èyí.

"Ẹ sọ iye ẹ̀ fún mi," ni mètírọ́ọ̀nù wí, ó ti ń tú báàgì rẹ̀.

"Ẹ dá owó yín padà."

"Ta ló wá máa san án?"

"Òun ni. Gbogbo yín lẹ pín ẹ̀rín ẹ̀, ẹ pín ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Mi ò bá yín du ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè yìí, èmi nìkan ni àbúrò mi jẹ. Mi ò lè bá ẹnì kankan pín in."

Obìnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà, ó pa báàgì rẹ̀ dé, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé páálí síwájú bẹ́ńṣì. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó rán bàtà náà dáadáa, ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé gbèsè náà, ó sì tún gbé e kọ́ sórí ìkọ́.