Ọgbà Kúkurú Abẹ́ Máńgòrò

Títí di òní, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń sọ ọ́: bí olóògbé Màmá Ẹ̀yẹolúwa, píríńsípà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe gbé òkú òdòdó jókòó ti ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, tí kò sì gbà kí èrò kankan fún un mọ́lẹ̀. Iwájú Mashood, olódòdó Sábó, ni ó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Mashood, òkú ọmọ rẹ nìyí. Gbà á, kí o sin ín."

"Ẹ má bínú mà. Oòrùn ni oúnjẹ òdòdó ìsórà yìí, abẹ́ máńgòrò yín sì ṣókùnkùn jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé igi yẹn, ọgbà kúkurú tí ẹ ń fẹ́, èyí tí kò níí ga kọjá orúnkún, á hù wọ̀ọ̀."

"Ọkọ mi ló gbìn ín lọ́jọ́ tí mo di píríńsípà. Òun ti lọ. Igi rẹ̀ kò níí lọ. Wá ohun tó lè gbé abẹ́ rẹ̀ fún mi, tàbí kí o wá iṣẹ́ mìíràn ṣe!"

Mashood kó oríṣi òdòdó márùn-ún lọ. Màmá tò wọ́n sábẹ́ igi, ó so orúkọ mọ́ wọn lọ́rùn, ó sì ń fi bírò pupa fún wọn ní máàkì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí àwọn olódòdó ń pè ní yẹ́lò búṣì gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

"Ẹ ṣàánú rẹ̀ mà, ẹ fi méjì kún un."

"Máàkì àánú ni wọ́n fún ìwọ náà nílé ìwé. Wo ibi tó gbé ọ dé!"

Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Àfi lọ́jọ́ kan tí Màmá ti Ìkòyí-Ilé dé tẹ̀rín-tọ̀yàyà, tòun ti gbòǹgbò ewé eéran nínú agbọ̀n.

"Mashood, mo ti rí i! Abẹ́ igi obì ló wà, oòrùn kò kàn án, ó sì tutù yọ̀yọ̀!"

"Ewé mọ́ínmọ́ín, mà? Ṣé ọgbà lẹ fẹ́ ṣe ni àbí ilé ìdáná? Yóò ga ju fèrèsé yín lọ!"

Màmá gbìn ín sábẹ́ máńgòrò, ó sì ga lóòótọ́. Nígbà tí Mashood gbọ́ pé ó ti kan èjìká, ó gbé àdá dé, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti borí Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé òun. Pátákó ló bá lẹ́nu géètì: ẸNI TÓ BÁ FẸ́ SE MỌ́ÍNMỌ́ÍN, WỌLÉ WÁ GÉ EWÉ. KỌ́KỌ́ KÍ MI. GÉ E DÉ ORÚNKÚN. Àwọn obìnrin àdúgbò ti gé e dé orúnkún rẹ́gí.

"Gbé àdá rẹ lọ sílé," ni Màmá wí. "Tàbí kí o fi gé irùngbọ̀n rẹ."

Nígbà tí Màmá papòdà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ewé náà. Ó ga títí ó fi bo fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, Mashood bá àwọn obìnrin lẹ́nu géètì, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúró bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

"A fẹ́ gé ewé fún oúnjẹ ìsìnkú," ni Bọ́lánlé, aládùúgbò Màmá, wí. "Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ kọ́kọ́ kí?"

Mashood wo pátákó. Ó ṣí fìlà, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú igi máńgòrò tí òun fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n gé.

"Ẹ kú àárọ̀ mà."

Ẹ̀rín bú jáde, omijé sì tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kúnlẹ̀ kí igi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ewé, wọn kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan ga kọjá orúnkún.