Ẹ̀rọ Pólíìṣì Tí Ọ̀gá Mi Ní Kí N Gbé

Bí ọ̀dà mọ́tò bá gbóná jù lábẹ́ ẹ̀rọ pólíìṣì, ó máa ń rùn bí ike tí iná ń jó. Tí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo máa ń rántí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ lásán ni ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkísà, agolo pólíìṣì, àti apá tí kì í tètè rẹ̀, ohun tó ní kò ju ìyẹn lọ. Iwájú agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ń fọ mọ́tò tó sì ń dán an, àwọn tó ń tajà ní Balógun ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á gbé mọ́tò kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á lọ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á padà wá bá a tó ń dán bíi tuntun. Èmi ni mo ń pọnmi, èmi ni mo ń fọ táyà, mo sì dá ara mi lójú pé mo ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, torí pé mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ẹ̀rọ dán mọ́tò lórí fóònù. Èmi tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fún àkísà kó gbẹ ni mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ!

Lágbègbè wa nígbà náà, bí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń mú un lọ ra irinṣẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á ṣàdúrà sí irinṣẹ́ náà níwájú àwọn òbí, á sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ tún yá a lò, torí wọ́n gbà pé bó bá yá a, àdúrà tó ṣe ló ń gbà padà yẹn. Télọ̀ ń pa òfin yìí mọ́, mẹkáníìkì ń pa á mọ́, ọ̀gá mi náà kò sì ní rú u láé.

Nígbà tó kan èmi, a jọ lọ sí Ìdúmọ̀tà. Èjìká ti ń dun ọ̀gá díẹ̀díẹ̀, ó sì ti pinnu pé òun náà á ra ẹ̀rọ. Oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì kalẹ̀ níwájú wa. Ojúlówó wúwo, ó ní ibi tí èèyàn lè yí kó rọra tàbí kó sáré. Olówó pọ́ọ́kú fúyẹ́, bó bá ti tàn, eré kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Owó tó wà lọ́wọ́ wa ò lè ra ojúlówó méjì.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ra olówó pọ́ọ́kú yìí ní méjì,” mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Irọ́ lò ń pa. Ojú ẹ ò kúrò lára èyí tó wúwo yẹn látìgbà tá a ti wọlé. Gbé e.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà?”

“Èmi ti ní oníbàárà. Ìwọ, tó o bá ba mọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́, ta ló tún máa gbé tiẹ̀ fún ẹ? Gbé e jàre, ká máa lọ.”

Mo gbé e, ọ̀gá sì gbé olówó pọ́ọ́kú. Mo ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn kéré, torí wọ́n kọ́ mi nílé pé kí n má tètè gba ohun tó yẹ àgbà. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n tún un kọ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá ti ṣàdúrà sí ẹ̀rọ náà níwájú àwọn òbí mi, ìtòsí ọjà Sandgrouse ni mo pàtẹ sí. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orúkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu ẹnì kan bọ́ sẹ́nu ẹlòmíì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ ọ̀gá jẹ ọ̀dà lára mọ́tò dúdú obìnrin kan tó ń ta léèsì ní Balógun, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì bó títí funfun abẹ́ rẹ̀ fi yọ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo tí oníléèsì yẹn pa. Ọ̀gá tún mọ́tò náà kùn lápò ara rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ jù sẹ́yìn ilé, ó padà sídìí àkísà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi. Mo ń gbà wọ́n, mo sì ń bi wọ́n pé, “Ọ̀gá mi ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o.”

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Lóòótọ́ ọ̀gá kò lè yá ẹ̀rọ, àmọ́ kò sí ohun tó ní kí ọmọ iṣẹ́ má gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, kó bá a dán mọ́tò tó wà nílẹ̀, kó sì gbé e padà sílé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé bó bá pè mí, màá lọ. Mo jókòó, mò ń dúró kó béèrè ohun tí mo mọ̀ dájú pé kò ní béèrè. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti pa iṣẹ́ náà tì, pé ó ń wa mọ́tò fún ọ̀gá àgbà kan ní Marina.

Àìpẹ́ yìí ni mọ́tò ńlá kan yà sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá mi ló ń wà á, ọ̀gá tiẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà yí mi ká, mo kàn tẹ̀ríba díẹ̀ ni.

“Ṣé ẹ mọra ni?” ọ̀gá àgbà náà béèrè.

“Ọmọ mi ni, sà,” ọ̀gá mi dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. “Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí.”

“Ìwọ? Kí ló dé tí o fi wá ń wa mọ́tò?”

Ọ̀gá mi wojú mi. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi.

“Apá ló ń dùn mí, sà,” ó ní. “Apá lásán ni.”

Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú omi ọṣẹ níwájú gbogbo èèyàn. Kíá ló fà mí dìde. “Dìde, dìde. Aṣọ ẹ ń bàjẹ́, oníbàárà ń dúró.”

Mo dìde, mo sì dán mọ́tò náà. Títí di òní, ó máa ń wù mí pé ì bá ti fi mí sílẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú omi ọṣẹ yẹn díẹ̀ sí i.