Ẹsẹ̀ Bàbá Atẹ̀wé

Bí ẹ bá dé ibi tí Bàbá Atẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́, etí lẹ máa kọ́kọ́ dí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà nínú yàrá náà. Èyí ńlá ń dún gbì-gbì, èyí kékeré ń dún ṣá-ṣá-ṣá. Bí ńlá bá dún lẹ́ẹ̀mejì, kékeré á ti dún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì tún jọ bẹ̀rẹ̀. Ariwo lásán ni létí àlejò. Létí Bàbá, ìlù ni. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fọwọ́ ti bébà sẹ́nu kékeré, tó ń yọ ọwọ́ kí irin tó pàdé, kò sì wojú ẹ̀rọ rí. Etí ló fi ń ṣe é.

Ẹni tuntun kì í gbọ́ ju ti ńlá lọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì fẹ́ máa tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí Bàbá bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, á máa fẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ bí kékeré ṣe ń dún, kí onítọ̀hún fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ á fi là. "Jẹ́ kí ńlá máa pariwo ẹ̀," á ní. "Àmọ́ má lé e jáde létí o. Méjèèjì ni kó o gbọ́."

Ẹ wá gbọ́ ná. Láti bí ọdún kan, ohùn tó bá tínrín ti ń sá fún etí Bàbá yìí kan náà. Ó mọ̀, kò wí. Bí Ọ̀gá bá gbọ́, á ní kó lọ máa di bébà lẹ́yìnkùlé, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Agídí! Nílé, rédíò ló ń bá jà.

"Àwọn onílù ìwòyí ti ya ọ̀lẹ. Ìlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù!"

"Bàbá Àbíkẹ́yìn," ìyàwó rẹ̀ á ní, "ìlù ò dín o. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ etí yín wò."

"Etí ta ni? Kó o tó lanu ni mo ti máa ń gbọ́ ohun tó o fẹ́ sọ."

Ọjọ́ tí wọ́n gba Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sídìí ẹ̀rọ kékeré, inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Ó dúró tì í, ó ń fẹsẹ̀ lu pákó. Nígbà tó yá, kékeré dákẹ́ létí rẹ̀ pátápátá. Ká ní ó wo ẹ̀rọ náà ni! Ó ṣáà lójú. Àmọ́ atẹ̀wé tó bá ń wojú ẹ̀rọ, Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ńlá. Ọmọ fọkàn tán ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ ẹnu irin.

Igbe tó ké, Bàbá gbọ́ ìyẹn.

Orí ìka ọmọ náà méjì ló bá irin lọ. Ọ̀gá ní ọmọ náà ni kò fiyè sílẹ̀. Bàbá dákẹ́. Àní ó dákẹ́! Bí ojú ṣe ń ti èèyàn tó, ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀ ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó ti tábìlì, rédíò ń kọrin. Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì lé orí itan.

"Bàbá mi, ìlù mélòó lẹ ń gbọ́ nínú orin yìí?"

Irọ́ ti dé ẹnu Bàbá. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ náà.

"Ọ̀kan," ó ní. "Ọ̀kan péré ni, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún kan. Màá sọ fún Ọ̀gá láàárọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ló ṣì ọ́ lọ́nà. Dárí jì mí."

Àbíkẹ́yìn sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lé ti bàbá rẹ̀, ó sì ń lu ìlù kejì sí i lẹ́sẹ̀.